Mímú lúpà gìtá bá àwọn ẹ̀rọ orin mìíràn rìn

Lúpà jẹ́ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tó sì ń tún un kọ láìdákẹ́ títí olórin yóò fi dá a dúró. Èyí tí àwọn onígìtá ń lò sábà máa ń jẹ́ pẹ́dàlì, àpótí kékeré tó wà nílẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, nítorí pé ọwọ́ méjèèjì wà lára okùn gìtá. Ohùn tó ń yí po náà ni wọ́n ń pè ní lúùpù. Bí onígìtá bá ń dá ṣeré, lúùpù rẹ̀ ni aago rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá a jiyàn. Ìgbà tí ẹ̀rọ ìlù, kíbọọ̀dù oníná tàbí kọ̀ǹpútà bá dara pọ̀ mọ́ eré ni wàhálà dé, nítorí pé aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ń yà wọ́n nípa

Ẹsẹ̀ ló ń pinnu bí lúùpù yóò ṣe gùn tó. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìgbàsílẹ̀, ìtẹ̀ kejì parí rẹ̀, ohun tó bọ́ sí àárín méjèèjì ni ẹ̀rọ yóò sì máa tún kọ. Ká ní ẹ̀rọ ìlù ń lọ ní bíìtì (ìró tí wọ́n fi ń ka orin) 120 ní ìṣẹ́jú kan, tí onígìtá sì fẹ́ gba báà (ìdìpọ̀ bíìtì) mẹ́rin, oníbíìtì mẹ́rin-mẹ́rin, sílẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 8 gééré ló yẹ kí lúùpù yẹn jẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, bóyá mìlísẹ́kọ́ọ̀dù 20 péré (ẹgbẹ̀rún mìlísẹ́kọ́ọ̀dù ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), lúùpù ti di 8.02. Etí kò ní tètè gbọ́ ọ nígbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ti fi mìlísẹ́kọ́ọ̀dù 200 rẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni tó bá mọ orin á ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ti fi odidi bíìtì kan rẹ̀yìn.

Kódà bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ láìṣì rárá, kírísítálì tó ń ka àkókò nínú ẹ̀rọ méjì kì í dọ́gba pátápátá. Ìyàtọ̀ yìí kéré gan-an ni, àfi bí lúùpù bá pẹ́ kí wọ́n tó rí i.

Aago MIDI

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láti yanjú èyí ni aago MIDI. MIDI ni èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin oníná fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọdún 1983 ni wọ́n fi èdè àjọlò MIDI lọ̀ ní gbangba. Dave Smith ti ilé iṣẹ́ Sequential Circuits ní Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi tó dá Roland sílẹ̀ ní Japan ló ṣáájú iṣẹ́ náà, kíbọọ̀dù oníná Prophet-600 ti Sequential àti Jupiter-6 ti Roland ni wọ́n sì kọ́kọ́ so pọ̀ níbi NAMM, ìpàtẹ àwọn oníṣòwò ohun èlò orin, ní oṣù Kìíní ọdún yẹn. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní Grammy ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2013. Ṣáájú MIDI, Roland ti ní ọ̀nà kan lára ẹ̀rọ ìlù TR-808 (1980), tó ń fi àmì iná 24 ránṣẹ́ nínú bíìtì kọ̀ọ̀kan. 48 ni Korg, ilé iṣẹ́ mìíràn ní Japan, ń lò ní tirẹ̀. Iye ti Roland, 24, ni MIDI gbà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì mú ni pé aago MIDI kì í sọ iye ìyára orin fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ «120» sí. Àmì kan ṣoṣo, F8, ló ń tún sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógún nínú bíìtì kan, ẹ̀rọ tó ń gbà á ló sì ń fúnra rẹ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín wọn. Ní ìyára 120, àmì 48 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mìlísẹ́kọ́ọ̀dù 20.83 sì ni àlàfo wọn. Lúùpù báà mẹ́rin tí a sọ lókè jẹ́ àmì 384. Bí lúpà bá ń ka àmì dípò kó máa ka ìṣẹ́jú àáyá tirẹ̀, ìyapa yẹn kò ní máa gorí ara wọn.

Àwọn àmì wọ̀nyí kì í fìgbà gbogbo dé lásìkò. Ẹyọ dátà 31,250 (kì í ṣe bíìtì orin) ni wáyà MIDI ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé F8 kan ń gbà tó ìdá 320 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Òfin MIDI gbà á láyè láti já lu àárín ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń kọjá lórí wáyà, nítorí náà lórí wáyà fúnra rẹ̀ ìdádúró kì í pọ̀. Kọ̀ǹpútà ni ìfura wà fún jù: iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe lẹ́yìn lè mú kí aago rẹ̀ máa ta gẹ́gẹ́. Lúpà tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń fi ìṣirò mú kí gẹ́gẹ́ náà rọlẹ̀. Èyí tí wọn kò ṣe dáadáa á máa yí ìyára padà díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni.

F8 kò sì mọ ibi tí báà ti bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí omele nínú ìlù dùndún: ó ń di àkókò mú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń sọ pé ó yá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn ló wà fún ìyẹn: FA ní «ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀», FB ní «ẹ máa bá a lọ níbi tí ẹ dé», FC ní «ẹ dúró». Ẹ̀rọ méjì lè máa sáré dọ́gba-dọ́gba kí bíìtì kìn-ín-ní ọ̀kan sì máa bọ́ sórí ìkẹta èkejì, nítorí pé wọ́n tan ọ̀kan lẹ́yìn tí FA ti kọjá. Nígbà tí lúpà kan bá «kọ̀ láti bá ìlù mu» bí iná MIDI rẹ̀ tilẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo èyí.

Ta ni olórí?

Olórí ni ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ ń darí àwọn yòókù. Bí ẹ̀rọ ìlù bá jẹ́ olórí, lúpà á máa dúró de báà. Onígìtá lè tẹ̀ ẹ́ ṣáájú tàbí kó pẹ́, ẹ̀rọ á sún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin lúùpù sórí bíìtì tó sún mọ́ ọn. Pigtronix Infinity, Ditto X4 ti TC Electronic, 95000 ti Electro-Harmonix àti Boss RC-500 wà lára àwọn tó lè tẹ̀lé aago MIDI.

Bí lúpà bá jẹ́ olórí, lúùpù àkọ́kọ́ ló ń bí ìyára orin. Àwọn tó fẹ́ kí eré wọn máa mí bí ènìyàn fẹ́ràn èyí. Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ kò lè dá yanjú: ìṣẹ́jú àáyá 8 lè jẹ́ báà mẹ́rin ní ìyára 120, ó sì lè jẹ́ báà méjì ní 60. Olórin ló gbọ́dọ̀ sọ èyí tó jẹ́. Ẹ̀rọ ìlù pẹ̀lú kò sì lè wọlé kí ìtẹ̀ kejì tó dé, torí kò tíì sí ìyára kankan láti tẹ̀lé.

Onílù tó jẹ́ ènìyàn kò ní ihò MIDI. Òun ló máa ń gbé ìró aago sí etí, tàbí kó tẹ̀lé lúùpù fúnra rẹ̀.

Wáyà àti ìsopọ̀

Wáyà oníhò márùn-ún ni MIDI bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì yẹ kó gùn ju mítà 15 lọ. Pẹ́dàlì kéékèèké kò láyè fún un, èyí ló fi di pé ihò kékeré bíi ti etí-ìgbọ́rọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ní. Oríṣi A àti B ló wà, wọn kò sì bára wọn mu. Ní 2018 ni àjọ MIDI fọwọ́ sí A. Ableton Link (2016), ọ̀nà mìíràn láti mú aago bára mu, ń gba inú wáfáì, kò sì ní olórí rárá, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà àti fóònù ló pọ̀ sí ju pẹ́dàlì lọ.

Ìtàn ní ṣókí

Téèpù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Olórin Amẹ́ríkà Terry Riley lo ẹ̀rọ téèpù méjì ní àwọn ọdún 1960, onígìtá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì Robert Fripp sì lo ẹ̀rọ téèpù Revox ní àwọn ọdún 1970. Lexicon JamMan ti 1994 lè bá aago MIDI rìn. Line 6 DL4 (1999), tí lúùpù rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 14, kò ní ihò MIDI kankan. Ìran rẹ̀ kejì, tó jáde ní 2022, ni wọ́n tó fún ní ọ̀kan.