Alhamdulillahi ò ṣeé fi wọn àìsàn: bí wọ́n ṣe rí ọgbọ́n dá sí i

“Báwo ni ara yín ṣe le sí, ó dáa gan-an, ó dáa, àbí kò dáa?” Ìbéèrè tó máa ń wà nínú sọ́fè ìlera nìyí, ìyẹn ìwádìí tí wọ́n fi ń bi aráàlú léèrè ọ̀rọ̀, àmọ́ ta ló mọ ibi tí “ó dáa” ti bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń bá a fà á. Nínú ìwé tí olùwádìí kan, Hadley Cantril, gbé jáde ní 1965, tí Nàìjíríà wà lára ibi tó wò, ó ní kí kálukú fọkàn ya àkàbà, òdo nísàlẹ̀, 10 lókè, kó fúnra ẹ̀ sọ irú ayé tó wà lókè pátápátá, kó wá mú nọ́ńbà ibi tó rí ara ẹ̀ sí. Ó dáa o, àmọ́ òkè àkàbà àgbẹ̀ kan l'Ómù-Àrán lè jẹ́ ilé onípáànù, ti ẹlòmíì jíìpù méjì, tí àwọn méjèèjì bá wá mú 6 ńkọ́?

Ti àìsàn tún wá burú. Ní 2002 Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ ọ́ pé ní Íńdíà, àwọn ará Kerala tí wọ́n kàwé dáadáa tí ẹ̀mí wọn sì ń gùn, àwọn gan-an ló ń ní àwọn ń ṣàìsàn jù, àwọn ará Bihar tí ẹ̀mí tiwọn kúrú ò ráhùn tó wọn rárá.

Àwọn olùwádìí tó wá dá ọgbọ́n sí i ni Gary King, Christopher Murray, Joshua Salomon àti Ajay Tandon, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì lò ó nínú sọ́fè ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri ayé ní 2002 sí 2003. Yàtọ̀ sí pé wọ́n béèrè tìẹ, wọ́n á tún ka ìtàn kékeré nípa ẹnì kan tí wọ́n kàn fọkàn rò fún ẹ, kó o wọn òun náà. Orúkọ tó bá àdúgbò mu ni wọ́n ń lò, torí náà n'Ílọrin ó lè jẹ́ Ìyá Sidi, tó máa ń jókòó sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé Ọjà Ọba. Ìyá Sidi kan náà ni gbogbo wa gbọ́, tó o bá ní tiẹ̀ dáa tí èmi ní kò dáa, òṣùwọ̀n wa ló yàtọ̀ nìyẹn. Wọ́n á wá wò ó bóyá o wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ jọ dọ́gba, àbí o jù ú lọ.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Mẹ́síkò àti Ṣáínà. Wọ́n ní ṣé ìjọba máa ń gbọ́ tiyín. Àwọn ará Mẹ́síkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fìbò lé ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti lo ọdún 71 lórí ìjọba kúrò ní 2000, ó lé ní ìdajì wọn tó ní àwọn ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá, àwọn ará Ṣáínà tó sọ bẹ́ẹ̀ ò sì pé 30 nínú 100! Ìgbà tí wọ́n ka ìtàn ẹnì kan tí ò rí omi tó mọ́ mu, tí ò lè dìbò, tó kàn ń jìyà láìsọ̀rọ̀, ni ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà bá fi ara wọn sí ìsàlẹ̀ onítọ̀hún, gbogbo ẹ̀ wá dorí kodò.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì ń kọ mí lóminú. Ọgbọ́n yìí gbà pé òṣùwọ̀n téèyàn fi wọn ara ẹ̀ náà ló fi ń wọn ẹlòmíì. Ṣé lọ́dọ̀ tiwa níbí? Bàbá tó ń di ògiri mú kó tó dìde á ní Alhamdulillahi, kí wọ́n má baà ní ò mọ oore Ọlọ́run, tẹ́ ẹ bá sọ ti Ìyá Sidi fún un, “háà, ìyẹn ń jìyà o.” Àwọn olùwádìí náà mọ̀, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e. Ní 2010 Daniel Hopkins àti King ní ká yí bí ìbéèrè ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn padà, ká kọ́kọ́ ka ìtàn ẹlòmíì ká tó béèrè tẹni lọ́wọ́ ẹni, torí tó bá fi máa gbọ́ ti Ìyá Sidi tán, á ti mọ ohun tí wọ́n ń bi òun gan-an.