Ẹnu Páìpù ni Òfin Ń Wò: Bí Ìjọba Ṣe Ń Kápá Ẹ̀gbin Afẹ́fẹ́ ní Ìkòròdú

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìkòròdú, tó forí lé ọ̀nà Ṣágámù, yóò kọjá Odogunyan kó tó dé Ogijo. Kò sí odò tó pààlà sáàárín méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òkè. Ilé-iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé ilé-iṣẹ́: ti irin, ti ike, ti bátìrì. Àmọ́ níbì kan lójú ọ̀nà yẹn, ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó parí, ti Ògùn bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tó ń mú èéfín sì yí padà. Wolé-wolé tó lè fi àgádágodo sí géètì ilé-iṣẹ́ lápá ìhín kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn lápá ọ̀hún. Èéfín ní tirẹ̀ kò dúró gba ìwé ìrìnnà.

Àdírẹ́sì ni òfin ẹ̀gbin afẹ́fẹ́ ń wá kó tó lè gbéra. Ta ló ni páìpù tí èéfín ń gbà jáde? Ìpínlẹ̀ wo ló wà? Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Níbi tí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ní ìdáhùn, òfin lè ṣiṣẹ́. Níbi tí wọn ò bá ti ní, òfin á kàn máa wòran.

Èéfín dúdú tí gbogbo èèyàn ń nawọ́ sí kọ́ ló ń ṣe ìpalára jù. Eruku kan wà tó kéré débi pé bí ọgbọ̀n rẹ̀ ni yóò tò kó tó tó ìbú irun orí kan ṣoṣo. PM2.5 ni wọ́n ń pè é. Irun imú kò lè dá a dúró. Ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà, ó sì lè gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ni pé wọ́n á ka iye microgram rẹ̀ (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan) tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí yóò kún àpótí kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2021 pé tí a bá ṣírò ọdún kan pọ̀, kò yẹ kó ju 5 lọ, kò sì yẹ kó ju 15 lọ láàárín wákàtí 24. Ìwádìí World Bank gbé ti Èkó sí 68 lọ́dún. Ní Odogunyan, wọ́n ti wọ̀n 1,770 rí láàárín wákàtí 24. Ìwádìí náà ṣírò pé nǹkan bí èèyàn 11,200 ni ẹ̀gbin afẹ́fẹ́ rán lọ sọ́run àìtọ́jọ́ l'Ékòó lọ́dún 2018, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ibi tí òfin ti wá

Ìtìjú ló bí òfin àyíká Nàìjíríà. Lọ́dún 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó ìdọ̀tí onímájèlé láti Ítálì wá dà sí Koko, tó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, kò sì sí òfin kan pàtó tí wọ́n lè fi mú ẹnikẹ́ni. Láàárín ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ológun ṣe òfin lórí ìdọ̀tí olóró, tó sì dá FEPA, àjọ àyíká ti ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀. Òfin 1992 tẹ̀ lé e, èyí tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ kọ́kọ́ ṣèwádìí ohun tí ilé-iṣẹ́ náà máa dá sílẹ̀ lára ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́, kó sì gbé e síta kí ará ìlú rí i. Ní 2007, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí i pé wọ́n pa òfin àyíká mọ́, rọ́pò FEPA.

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 gan-an dárúkọ afẹ́fẹ́: abala 20 sọ pé ojúṣe ìjọba ni láti dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí. Àmọ́ orí kejì ìwé òfin ni wọ́n fi sí, abala 6 sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ilé ẹjọ́ kò lè torí ohun tó wà ní orí kejì dá ìjọba lẹ́jọ́. Nítorí náà, ìlànà tí NESREA ń kọ lábẹ́ òfin rẹ̀ ló ní eyín. Ó ṣe ti èéfín ọkọ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ irin ní 2011, ó ṣe ti afẹ́fẹ́ lápapọ̀ ní 2014, ó sì ṣe ti bátìrì ní 2024. Ibì kan wà tí òfin 2007 kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan: iṣẹ́ epo rọ̀bì àti gáàsì. Àwọn mìíràn ló ń mójú tó ìyẹn.

L'Ékòó, LASEPA, àjọ àyíká ti ìpínlẹ̀ náà, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 1996. Lọ́dún 2017, ìpínlẹ̀ náà kó àwọn òfin àyíká rẹ̀ tó wà káàkiri pọ̀ sínú òfin kan ṣoṣo, tó fi mọ́ ìdọ̀tí, ariwo àti èéfín. Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Odogunyan wá ní ọ̀gá méjì: ti Àbújá àti ti Alausa, níbi tí ìjọba Èkó wà. Àwọn oníléeṣẹ́ máa ń ráhùn pé owó ìwé àṣẹ ti di méjì, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá méjì náà ló ń jẹ́ kí ọ̀kan rí ohun tí èkejì bá fojú fò.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ ilé-iṣẹ́ irin wò

Iṣẹ́ irin ló yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò, torí òun ni àwọn ará Odogunyan máa ń pariwo lé jù. Irin kọndẹ́mù ni wọ́n ń rà: ara mọ́tò tó bàjẹ́, páànù, agolo, ọ̀pá irin ògbólógbòó. Wọ́n á kó o sínú iná ìléru tó ń fi iná mànàmáná yọ́ irin. Irin fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn ló ń rú u. Ọ̀dà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, rọ́bà àti síǹkì tí wọ́n fi bo páànù, gbogbo rẹ̀ á jóná pa pọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń da ẹrù tuntun sínú iná ni èéfín máa ń nípọn jù. Tí irin bá ti yọ́ tán, ó máa ń rọlẹ̀.

Ìlànà ní kí ilé-iṣẹ́ náà gbé ẹ̀rọ tó ń fa èéfín mọ́ra sókè iná, kó darí èéfín náà sínú asẹ́. Àwọn àpò aṣọ gígùn ni asẹ́ yìí: eruku á dúró sínú wọn, afẹ́fẹ́ á jáde gba páìpù. Eruku tí asẹ́ bá mú kì í ṣe ohun tí wọ́n lè dà sí gọ́tà, torí síǹkì àti òjé wà nínú rẹ̀. Òun náà ní òfin tirẹ̀.

Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò á gun ibi gíga lára páìpù, á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ihò tí wọ́n dá sí i lára, á sì fà nínú èéfín náà gba orí bébà asẹ́. Wọ́n ti wọn bébà yẹn kó tó wọlé. Wọ́n á tún un wọ̀n lẹ́yìn náà. Ohun tó fi wúwo sí i ni eruku. Ìwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe ń fà á gbọ́dọ̀ bá bí èéfín ṣe ń jáde mu. Tó bá fà yára jù, iye tó máa jáde lórí ìwé á kéré sí òótọ́. Tó bá lọ́ra jù, á ju òótọ́ lọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè gba èsì dáadáa lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò dáa.

Èyí tó tún burú ni aago. Ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń ṣe àyẹ̀wò. Ẹ́ńjìnnì tó ń fa èéfín wọ asẹ́ ń jẹ iná púpọ̀, ìdánwò láti pa á tí ilẹ̀ bá ti ṣú sì ga. Pẹ̀lúpẹ̀lù, afẹ́fẹ́ tútù máa ń sùn lé ilẹ̀ lóru, pàápàá nígbà ọyẹ́, kò sì ní jẹ́ kí èéfín ròkè. Ohun tí yóò ti fọ́n ká lọ́sàn-án á wá dúró sójú fèrèsé àwọn èèyàn ní ìdájí. Ìdí nìyẹn tí ará àdúgbò fi lè máa sọ̀rọ̀ eruku dúdú lórí ìkòkò omi, tí ìwé àyẹ̀wò sì ń sọ pé kò séwu. Àwọn méjèèjì lè má purọ́.

Tí ilé-iṣẹ́ bá kùnà, ìwé ìkìlọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fún un láti tún nǹkan ṣe. Tí kò bá gbọ́, wọ́n lè ti géètì pa, wọ́n sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Bí wọ́n ṣe kọ òfin NESREA ní 2007, ìtanràn ilé-iṣẹ́ tó bá rú ìlànà afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù méjì náírà lọ, pẹ̀lú 50,000 náírà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá fi ń tẹ̀ síwájú. Kí náírà tó yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ báyìí, owó ni. Lónìí, ilé-iṣẹ́ tó ń ta irin lè san án láìṣẹ́jú pẹ́ẹ́. Títì géètì pa ló ń dùn wọ́n, torí iná ìléru tó bá tutù ti di àdánù.

Ẹnu páìpù àti ojú imú

Òdiwọ̀n méjì ló wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń dìde. Ọ̀kan wà fún ohun tó ń jáde lẹ́nu páìpù. Èkejì wà fún afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí sínú ládùúgbò. Ẹ wo ilé oníyàrá mẹ́wàá tó dojú kọra, tí yàrá kọ̀ọ̀kan gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí èéfín rẹ̀ pọ̀ lójú ẹni tó ni ín, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá ṣe lè gba ìwé "ó yege" lẹ́nu páìpù, kí ìṣirò àdúgbò sì fò kọjá ààlà. Òfin mọ bó ṣe ń jẹ páìpù kan níyà. Àdúgbò tó kún ju bó ṣe yẹ lọ kò ní ẹnì kan tó ni ín tí wọ́n lè pè lẹ́jọ́. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti dá a dúró ni ìwádìí tí òfin 1992 béèrè: kí wọ́n tó fọwọ́ sí ilé-iṣẹ́ kọkànlá, kí wọ́n wo èéfín mẹ́wàá tó ti wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààlà tún mú un le sí i. Fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, atẹ́gùn láti ìhà òkun ló ń fẹ́ ní Ìkòròdú, ó sì ń gbé èéfín Odogunyan lọ sí apá Ògùn. Tí ọyẹ́ bá dé, atẹ́gùn á yíjú padà, á wá gbé ti Ogijo bọ̀ lápá Èkó. Oṣù mélòó kan ni ará Ìkòròdú fi ń jẹ èéfín tí LASEPA kò lè fọwọ́ kàn. Oṣù yòókù, ará Ogijo ló kàn. NESREA nìkan ló lè ṣiṣẹ́ lápá méjèèjì. Nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn ní 2025 pé òjé ti wọ ara àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ògbólógbòó ní Ogijo, ìjọba àpapọ̀ ló wá ti àwọn ilé-iṣẹ́ náà pa.

Ọkọ̀, epo àti iná ààtàn

Ọkọ̀ ní àdírẹ́sì: nọ́ńbà rẹ̀. Ní ibùdó àyẹ̀wò, wọ́n á ti ọ̀pá sínú sàílẹ́ńsà rẹ̀, wọ́n á wo ohun tó ń jáde. Ṣùgbọ́n epo ló yẹ kí òfin kọ́kọ́ mú. Imí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì máa ń ba ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín lára ọkọ̀ ìgbàlódé jẹ́, débi pé tòkunbọ̀ tó mọ́ ní Jámánì lè máa rú èéfín ní Itamaga. Ìdá 3,000 nínú mílíọ̀nù kan ni Nàìjíríà fàyè gbà nígbà kan; 15 ni ti Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2020, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, fẹnu kò pé kó di 50 fún epo tí wọ́n ń kó wọlé láti 2021, ilé ìfọpo abẹ́lé sì ní títí di òpin 2024.

Jíjó ìdọ̀tí ní gbangba lòdì sí òfin l'Ékòó, àmọ́ ta ni yóò mú ẹni tó tanná sí ààtàn ní aago mọ́kànlá òru? Jẹnẹrétọ̀ ilé kò sì ní nọ́ńbà, kò ní ìwé àṣẹ. Iná mànàmáná tó dúró ṣinṣin ló lè ṣe ohun tí wolé-wolé kò lè ṣe níbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ sùn

Lẹ́tà tó sọ pé "èéfín ń pa wá" kì í rìn jìnnà. Èyí tó kọ ọjọ́, aago, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ àti páìpù tí èéfín ti jáde ló ń mú kí wolé-wolé mọ ìgbà tó yẹ kóun wá. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ààlà, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NESREA pẹ̀lú àjọ ìpínlẹ̀.

Ilé ẹjọ́ ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin dá a nínú ẹjọ́ Jonah Gbemre àti Shell pé gáàsì tí wọ́n ń sun láàárín ìlú ń tẹ ẹ̀tọ́ èèyàn láti wà láàyè lójú. Ìyẹn kò sí ní orí kejì ìwé òfin, nítorí náà ó ṣeé gbé lọ sí kóòtù. Ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà pé ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pẹjọ́, bí ìpalára náà kò tilẹ̀ ju ti gbogbo ará ìlú lọ lára rẹ̀.

Ohun tó kù ni ẹ̀rí pé páìpù yìí gan-an ló ṣe é, láàárín gbogbo páìpù tó wà ládùúgbò. Èsì àyẹ̀wò wà nínú fáìlì àjọ ìjọba. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún un láìsọ ìdí, ọjọ́ méje sì ni àjọ náà ní láti dáhùn. Ní oṣù kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òfin náà de àwọn àjọ ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó túmọ̀ sí pé LASEPA àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ògùn kò lè sọ pé Àbújá nìkan ló kàn.