Stormy Weather (fíìmù ọdún 1943)

Stormy Weather jẹ́ fíìmù olórin àti aláwàdà tí ilé iṣẹ́ 20th Century-Fox gbé jáde ní Amẹ́ríkà lóṣù Keje ọdún 1943. Dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀. Kò gùn ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 78 lọ, síbẹ̀ orin bí ogún ló wà nínú rẹ̀. Andrew L. Stone ló darí rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo àwọn òṣèré tó ṣe gbòógì: Bill Robinson, Lena Horne, Cab Calloway àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Fats Waller, Dooley Wilson, Katherine Dunham àti àwọn oníjó rẹ̀, pẹ̀lú Fayard àti Harold Nicholas, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n ń pè ní Nicholas Brothers.

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Hollywood ayé ìgbà náà, aláwọ̀ dúdú á wọlé, á kọrin tàbí á jó, á sì jáde láìbá ẹni tó ni ìtàn sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn sinimá ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà tí kò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú lè fi àlùmọ́gàjí gé apá yẹn kúrò, kí ìtàn má sì já. Bí wọ́n bá ní àwọn ó gé Stormy Weather bẹ́ẹ̀, kò ní ku nǹkan kan.

Ìtàn rẹ̀ kò ju okùn tí wọ́n fi sín ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Bill Williamson (Robinson), àgbà oníjó, ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò: bó ṣe ti ojú Ogun Àgbáyé Kìíní dé, bó ṣe pàdé olórin kan, Selina Rogers (Horne), bí iṣẹ́ ṣe yà wọ́n, àti bí wọ́n ṣe tún padà ríra. Robinson ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Horne kò ju 25 lọ. Ìyẹn hàn lójú, ìfẹ́ wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbà gbọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn máa wò.

Ní ilé fàájì kan ní Beale Street, Memphis, Fats Waller jókòó ti dùùrù pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré kan tí Zutty Singleton ń lu ìlù fún. Ada Brown kọ́kọ́ bá a kọrin. Lẹ́yìn náà ni Waller fúnra rẹ̀ kọ Ain't Misbehavin', orin tó ti gbé jáde lọ́dún 1929.

Ìran kan tún wà tí Robinson ti ń fò láti orí ìlù ńlá kan dé òmíràn, tó ń fi bàtà ijó rẹ̀ lù wọ́n. Áfíríkà ni wọ́n ní àwọn ń ṣe; Áfíríkà tí Hollywood rọ ni. Flournoy Miller àti Johnny Lee ló ṣe àwàdà. Wọ́n kun ojú ní dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ni àwọn méjèèjì, nítorí àṣà tíátà àtijọ́ ni. Ọ̀kan kì í sọ gbólóhùn tán tí èkejì á fi dá a lóhùn. Àsìkò ló ni àwàdà yìí: bí ìdáhùn bá yá jù, etí ò ní gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bó bá pẹ́, ọ̀rọ̀ lásán ló dà.

Orin tó fún fíìmù náà lórúkọ ti wà láti 1933. Harold Arlen àti Ted Koehler ló kọ ọ́, Ethel Waters ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí ní Cotton Club, ilé fàájì kan ní New York. Horne kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òjò ń rọ̀ níta. Kámẹ́rà gba ojú fèrèsé jáde lọ bá Dunham ní ìgboro, ijó sì gba ipò orin.

Ìran tí wọ́n ń sọ jù ni Jumpin' Jive. Bí Calloway ṣe kọrin tán, àwọn Nicholas dìde láti ìdí tábìlì, wọ́n fo sáàárín àwọn olórin, wọ́n jó lórí àga ìwé orin wọn, wọ́n gun orí dùùrù. Wọ́n wá dé orí àtẹ̀gùn ńlá. Ọ̀kan dúró; èkejì fo orí rẹ̀ kọjá, ó balẹ̀ sórí ìpele tó kàn pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, pátápátá. Ẹni tó wà lókè á tún fò ó kọjá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Wọn kì í fọwọ́ ti ilẹ̀ dìde: iṣan itan ni wọ́n fi ń fa ẹsẹ̀ méjèèjì padà pọ̀. Ẹni tó bá balẹ̀ láìtọ́ á fọ́ orúnkún tàbí kí iṣan itan rẹ̀ já, àtẹ̀gùn ò sì ní àyè fún àtúnṣe. Kámẹ́rà jìnnà tó láti gbé gbogbo ara wọn, wọn ò sì gé àwòrán náà wẹ́wẹ́, nítorí náà àṣìṣe kan péré ìbá hàn. Fayard sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ya á.

Ìró ẹsẹ̀ irú ijó báyìí kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán. Wọ́n á ti gba orin sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n á máa fi gbohùngbohùn gbé e fún oníjó. Lẹ́yìn náà ni oníjó á padà wá tẹ irin bàtà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú makirofóònù, bó ti ń wo ara rẹ̀ lójú àwòrán. Bí ẹsẹ̀ bá fi díẹ̀ pẹ́ sí àwòrán, etí á mọ̀ kí ojú tó mọ̀.

Lọ́dún 2001 ni wọ́n fi fíìmù náà sínú National Film Registry, àkójọ àwọn fíìmù tí Amẹ́ríkà kà sí ohun tó yẹ ní pípamọ́. Waller kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1943, nínú ọkọ̀ ojú irin ní Kansas City. Robinson kò tún ṣe fíìmù mìíràn títí tó fi kú lọ́dún 1949.