Kí Ló Dé Tí Ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́jú 40 Fi Ń Di Mẹ́ta Lórí Tẹlifíṣàn?

Ìbéèrè: Àgbà òṣèré kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá oníròyìn eré àti orin sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 40. Ìṣẹ́jú 3 péré la rí lórí tẹlifíṣàn. Níbo ni ìyókù wọlé sí?

Ìdáhùn: Wọ́n gé e ni. Ìpolówó ń jẹ nínú àsìkò ètò, orin ń jẹ níbẹ̀, àwọn àlejò yòókù náà á sì gba tiwọn. Gbólóhùn tó lè dá dúró ni olóòtú ń wá. Bí oníròyìn bá béèrè pé, "Bàbá, ọdún wo lẹ bẹ̀rẹ̀ eré?" tí bàbá sì fèsì pé, "1962," kò sí ohun tí olóòtú lè fi 1962 yẹn ṣe. Àmọ́ bó bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni alẹ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ gun orí ìtàgé ṣe rí?" ìtàn á jáde. Bí bàbá bá dákẹ́, kí oníròyìn ka ení, èjì, ẹ̀ta sínú kó tó béèrè òmíràn. Ibi tí àgbà ti sinmi yẹn ló ti sábà máa ń rántí èyí tó dùn jù.

Ohun kan tún wà tó máa ń ba iṣẹ́ wa jẹ́: "Ẹ̀n-ẹ́n, bẹ́ẹ̀ ni sà." Ilé ló kọ́ wa pé ká máa jẹ́ àgbà lóhùn, ṣùgbọ́n ohùn oníròyìn tó bá ti gorí ti àlejò, ó ṣòro láti yọ kúrò. Orí ni kó máa mì.

Ìbéèrè: Kí ló ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ lábẹ́ ohùn àlejò?

Ìdáhùn: Aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni. Léèsì tó le ń ha maìkì kékeré tí wọ́n há mọ́ àyà, iyùn sì ń kàn án ní gbogbo ìgbà tí ìyá bá yíjú. Ẹ sún iyùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ká okùn maìkì lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú aṣọ. Ẹ pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ìyá yíjú, kó sì rẹ́rìn-ín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ohùn lásán kó wà ní nǹkan bí −12 lórí òṣùwọ̀n ohùn (dB) tó wà lára ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, kí àyè lè kù fún ẹ̀rín. Ohùn tó bá kọjá 0, fífọ́ ló máa fọ́.

Ìbéèrè: Àlejò ti lọ, oníròyìn ṣì jókòó, ó ń mi orí níwájú kámẹ́rà. Ta ló ń dá lóhùn?

Ìdáhùn: Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá. Ibi tí wọ́n bá ti gé ọ̀rọ̀, orí àlejò á fò lójijì; àwòrán oníròyìn tó ń mi orí ni wọ́n fi ń bò ó. Wọ́n tún lè ya ìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ bí wọ́n ṣe bi í tẹ́lẹ̀ gan-an ni kí wọ́n tún un bi. Ẹni tó bá yí i padà ti purọ́ mọ́ àlejò.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí kó lọ sí Ìbàdàn?

Ìdáhùn: Ìbàdàn ni tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ibẹ̀ sì ni BCOS, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà. Ṣùgbọ́n ilé ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí: ìlú yìí ló bí Ògúndáre Fọ́yánmu oníjàálá àti òṣèré Lere Paimo tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀dá Onílé-Ọlá. Rédíò àdúgbò ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ olórin àti òṣèré sí pẹ̀lú àmì ohùn, ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ṣeré, àti ilé tí fọ́tò àtijọ́ wọn wà.