Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ló ń fa ọ́tísímù, àmọ́ sísá fún un lè fi ìrànwọ́ ọmọ falẹ̀

"Ọmọ yìí ń ṣe dáadáa kó tó gba abẹ́rẹ́." Orí gbólóhùn yìí ni gbogbo ìgbàgbọ́ òdì pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fa ọ́tísímù dúró lé, ìyẹn ipò tí ọpọlọ ọmọ fi ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀, tí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá ènìyàn ṣe sì lè ṣòro fún un. Òbí tó ń sọ gbólóhùn náà kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń sọ: ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ tó ti ń pe "màmá" tẹ́lẹ̀ kò pè é mọ́, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn, láti àárọ̀ ló ti ń yí táyà ọkọ̀ ìṣeré kan ṣoṣo. Bí òbí bá wá ronú sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ ni ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn. Ó rántí ọjọ́ yẹn torí pé ọmọ ké gan-an, ara rẹ̀ gbóná lóru, wọ́n sì kọ déètì rẹ̀ sínú káàdì. Ọjọ́ tí ọmọ náà ṣíwọ́ àtimáa nàka sí nǹkan kò sí nínú káàdì kankan.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti wọlé. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún ni ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́, wọ́n sì sábà máa ń pa á pọ̀ mọ́ ti ṣegede àti rùbẹ́là (àrùn mìíràn tó ń mú ara sú) nínú abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní MMR. Láàárín ọdún kìíní sí ìkejì náà ni àmì ọ́tísímù máa ń hàn sí ará ilé, torí ìgbà yẹn ni gbogbo ènìyàn ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Yálà ọ̀kan ló fa èkejì tàbí òun kọ́, àsìkò kan náà ni wọn yóò bọ́ sí. Àsìkò yẹn náà lọmọ ń mẹsẹ̀ nílẹ̀, a kò sì tíì gbọ́ pé ẹnì kan sọ pé abẹ́rẹ́ ló kọ́ ọ nírìn.

Àmì náà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a rí i. Ní 1994, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Osterling àti Dawson, gbé ìwádìí kan jáde lórí fídíò tí àwọn òbí fúnra wọn yà níbi ayẹyẹ ọdún kìíní ọmọ wọn. Ọmọ 11 tí wọ́n padà rí i pé ó ní ọ́tísímù ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú 11 mìíràn tí kò ní in. Ìyàtọ̀ ti wà nínú fídíò: ọmọ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ojú ènìyàn, tí kì í na nǹkan sókè kí ẹlòmíràn bá a wò ó, tí kì í dáhùn orúkọ rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà sì wá kúrò lẹ́nu wọn. Kì í ṣe pé òbí wọn ń ro nǹkan. Àmọ́ ọ́tísímù ti wà kí abẹ́rẹ́ yìí tó wà. Ọdún 1943 ni Leo Kanner, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó fi orúkọ náà pè. Ọdún 1963 ni wọ́n tó fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́.

Ta ló wá so méjèèjì pọ̀? Ní oṣù Kejì ọdún 1998, dókítà kan ní London, Andrew Wakefield, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Ọmọ 12 péré ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kò tíì fi ẹ̀rí hàn pé abẹ́rẹ́ MMR bá àìsàn tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ náà tan. Nígbà tí Wakefield dé iwájú àwọn oníròyìn, ohùn rẹ̀ yí padà: ó ní kí wọ́n dá MMR dúró, kí wọ́n máa fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2004, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Brian Deer tú àṣírí pé Wakefield ti ń gbowó lọ́wọ́ lọ́yà tó fẹ́ pe àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe abẹ́rẹ́ lẹ́jọ́. Ó tún ti lọ kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ àdáni sórí abẹ́rẹ́ èéyi tirẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, mẹ́wàá nínú àwọn tí wọ́n jọ kọ àpilẹ̀kọ náà yọwọ́ kúrò nínú ìtumọ̀ tí wọ́n fún un. The Lancet fagi lé e pátápátá ní oṣù Kejì ọdún 2010. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, wọ́n yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Deer fi fáìlì àwọn ọmọ náà wé ohun tí wọ́n kọ, ó rí i pé àmì ti wà lára àwọn kan kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́, àwọn kan kò sì ní ọ́tísímù rárá.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Òtítọ́ ti bá eléyìí tipẹ́, irọ́ náà ló kọ̀ tí kò dúró.

Ẹ̀rí tó lágbára jù, ní tèmi, kì í ṣe ìtàn ìwà Wakefield. Ènìyàn burúkú lè sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kíkà ni ká ka iye àwọn ọmọ. Ní Denmark, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ìjọba fi ń mọ ènìyàn láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i, torí náà ó ṣeé ṣe láti fi ìwé abẹ́rẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan wé ìwé àyẹ̀wò rẹ̀. Ìwádìí tó jáde níbẹ̀ ní 2019 wo ọmọ 657,461 tí wọ́n bí láàárín 1999 sí 2010. Ọ́tísímù wà lára 6,517 nínú wọn. Àwọn tó gba MMR kò ní in ju àwọn tí kò gbà á lọ, kódà láàárín àwọn tí ẹ̀gbọ́n wọn ti ní in.

Japan tilẹ̀ ṣe ìdánwò náà láìmọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ MMR ní 1989, wọ́n sì dá a dúró ní 1993. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń fà á ni, ó yẹ kí iye ọmọ tó ní ọ́tísímù wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ìlú Yokohama tí wọ́n ti ka iye wọn, ṣe ló ń lọ sókè. Ẹ kíyè sí ìdí tí wọ́n fi dá a dúró o: irú ṣegede tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ tiwọn ń fa àrùn yírùnyírùn fún àwọn ọmọ kan. Mi ò fi èyí pamọ́, torí ó wúlò fún ọ̀rọ̀ wa. Bí abẹ́rẹ́ bá ń ṣe ọṣẹ́ lóòótọ́, kíkà náà ló ń tú u fó, wọn a sì gbégbèésẹ̀. Kíkà yẹn kan náà ni wọ́n lò lórí ọ́tísímù, wọn kò sì rí nǹkan kan.

Àwọn kan yóò ní mẹ́kúrì, irin olóró kan, tó wà nínú abẹ́rẹ́ ló ń fà á. MMR kò fìgbà kan ní mẹ́kúrì nínú. Denmark sì ti yọ ọ́ kúrò nínú abẹ́rẹ́ ọmọdé láti 1992, iye náà ń gòkè síbẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti rùbẹ́là. Lára àgbàlagbà, rùbẹ́là lè má ju ibà díẹ̀ àti ara tó sú lọ. Tó bá mú aboyún ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó lè ba ojú, etí, ọkàn àti ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Rùbẹ́là jà rànyìn ní Amẹ́ríkà ní 1964 sí 1965, nǹkan bí 20,000 ọmọ ni wọ́n sì bí pẹ̀lú àbùkù tó ti ibẹ̀ wá. Stella Chess, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé, tọ 243 nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ní 1971 ó kọ ọ́ pé mẹ́wàá nínú wọn ní ọ́tísímù, mẹ́jọ mìíràn sì ní apá kan rẹ̀. Iye yẹn pọ̀ gidigidi ju èyí tí wọ́n ń rí láàárín àwọn ọmọ yòókù nígbà náà. Rùbẹ́là yìí ni lẹ́tà R inú MMR dúró fún. Ìyẹn ni pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ wà lára ìwọ̀nba ohun tí a mọ̀ dájú pé ó ń dènà ọ̀nà kan tí ọ́tísímù ń gbà wá.

Kí wá ló ń fà á? Ohun àjogúnbá ló pọ̀ jù. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2019, tó wo ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù méjì ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, fi hàn pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ní in àti ẹni tí kò ní in ló ti inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wá. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan jẹ̀bi. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1970, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dénú ló ń sọ ọmọ dà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá sì gbé ẹ̀bi yẹn wọ sàréè. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1977, ló wó èrò yẹn. Tí a bá wò ó dáadáa, ìtàn abẹ́rẹ́ yìí tún dá ẹ̀bi náà padà sọ́rùn ìyá lọ́nà mìíràn: ta ló gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́?

Ìpalára rẹ̀ kò sì mọ lórí èéyi nìkan. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọjọ́ abẹ́rẹ́ nìkan. Nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ náà ló ń wọ̀n ọ́n, tó ń wo bó ṣe ń dàgbà, tó sì ń bi ìyá léèrè bóun fúnra rẹ̀ ṣe ń sùn. Ibi tí ó ṣeé ṣe jù pé kí ẹnì kan tètè fura sí ọ́tísímù nìyẹn. Ìyá tó bá sá fún abẹ́rẹ́ ti sá fún ojú kejì yẹn pẹ̀lú. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2015, lórí ọmọ tó lé ní 95,000, fi hàn pé nígbà tí wọ́n pé ọdún méjì, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹ̀gbọ́n wọn kò ní ọ́tísímù ló ti gba MMR. Láàárín àwọn tí ẹ̀gbọ́n wọn ní in, ìdá 73 ni. Àwọn àbúrò wọ̀nyí gan-an ló yẹ kí wọ́n máa fojú ṣọ́ jù, torí ó ń rìn nínú ìdílé.

Ohun tí wọ́n ń bi òbí kò le. Ìwé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò fún ọmọ oṣù 16 sí 30, ìbéèrè 20 ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni ìdáhùn. Tí o bá nàka sí nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán, ṣé ọmọ yóò wò ó? Ṣé ó máa ń gbé nǹkan wá kó o lè bá a wò ó, láìjẹ́ pé ó fẹ́ kó o ṣe nǹkan fún un? Tí o bá rẹ́rìn-ín sí i, ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín padà? Ìwé náà kì í dájọ́ o, ó kàn ń sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n túbọ̀ yẹ̀ wò ni. Láti 1977 ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Japan ti ń pe gbogbo ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ wá fún àyẹ̀wò, kò dìgbà tí òbí bá fura. Níbi tí wọn kì í ti í pe ènìyàn, òbí lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n bá òun yẹ ọmọ wò. Kí ó ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa náà kì í dáhùn orúkọ. Bí wọ́n bá ní "yóò sọ̀rọ̀ tó bá yá", kó bi wọ́n pé ìgbà wo lòun yóò padà wá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì.

Kò sí oògùn tó ń wo ọ́tísímù. Ẹni tó bá ń ta omi tí yóò fọ májèlé abẹ́rẹ́ kúrò lára ọmọ, ẹ sá fún un. Ọmọ ọdún márùn-ún kan kú ní Amẹ́ríkà ní 2005 nídìí oògùn tí wọ́n ní yóò fa irin olóró kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń ṣèrànwọ́ ni kíkọ́ ọmọ bí yóò ṣe sọ ohun tó ń fẹ́, ìbáà ṣe lẹ́nu, lọ́wọ́ tàbí lórí àwòrán, àti kíkọ́ òbí bí yóò ṣe máa bá a ṣeré. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣètò ẹ̀kọ́ kan fún àwọn òbí tí ọmọ wọn wà láàárín ọdún 2 sí 9: ìpàdé mẹ́sàn-án pẹ̀lú ẹgbẹ́, àti àbẹ̀wò mẹ́ta sí ilé. Wọ́n ṣe é lọ́nà tí ẹni tí kì í ṣe dókítà náà yóò fi lè kọ́ni. Ẹ béèrè ní ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín bóyá ẹ̀kọ́ yìí tàbí irú rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọmọ tó ní ọ́tísímù náà ní láti gba abẹ́rẹ́ tó kù. Ó lè ṣòro fún un ju fún àwọn yòókù lọ, torí ariwo, iná àti ọwọ́ àjèjì. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó dé, kí wọ́n jẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé nígbà tí èrò kò tíì pọ̀, kẹ́ ẹ sì ti fi àwòrán ṣàlàyé fún un nílé. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti pẹ́, kò dìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mú káàdì lọ́wọ́, níbi tó dúró sí ni wọn yóò ti tẹ̀ síwájú.