Rírù yàtọ̀ sí kí ọ̀rá ara dínkù

Obìnrin kan gun òṣùwọ̀n mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó wo nọ́ńbà tó yọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni pé òṣùwọ̀n náà lè yí ohùn padà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. "Kóòṣì, ẹ wá wò ó, kílò kan ṣoṣo! Òṣùwọ̀n yín yìí ti bàjẹ́ jàre." Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù ná, mà." Mo fa téèpù yọ, mo fi yí ikùn rẹ̀ ká ní ọ̀gangan ìdodo. Sẹ̀ǹtímítà 6 ti lọ níbẹ̀. Mo wá tọ́ka sí ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, níbi tó ti fi pínnì há a kó má baà já bọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń fi pínnì há a, kò kàn bi ara rẹ̀ pé kí ló dé ni.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá bá mi ló jẹ́ pé "mo fẹ́ rù" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń ti ẹnu wọn jáde. Èsì mi kì í yí padà: ẹ ò fẹ́ rù o. Ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á rù. Ẹni tí ìrònú ò jẹ́ kó jẹun á rù. Ta ló ń kí irú wọn kú oríire? Ohun tí ẹ ń wá ni kí ọ̀rá lọ, kí iṣan dúró. Iṣan ni mò ń pe ẹran ara tó ń gbé wa dìde lórí àga, tó ń bá wa gbẹ́rù, tó ń gbé wa gun àtẹ̀gùn. Òṣùwọ̀n ò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ọ̀rá, iṣan, egungun, omi, oúnjẹ àná tó ṣì wà nínú ìfun, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ̀n pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ mú ẹni tó wọn kílò 80, tí 24 nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá. Ẹ pín 24 sí ọ̀nà 80, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, 30%. Kí a wá sọ pé kílò 6 kúrò lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rá ni gbogbo rẹ̀, ó ku ọ̀rá kílò 18 lára ẹni tó wọn 74, 24.3% nìyẹn. Tó bá jẹ́ ebi ló fi pa ara rẹ̀, tí 3 jẹ́ ọ̀rá tí 3 yòókù sì jẹ́ iṣan, 28.4% ló bọ́ sí. Òṣùwọ̀n á kí àwọn méjèèjì bákan náà. Ẹ wá wo ẹnì kẹta. Ọ̀rá kílò 3 lọ lára tirẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń gbé irin, kílò 2 iṣan àti omi tí iṣan ń fà mọ́ra wọlé. Kílò kan péré ló fi fúyẹ́, 79 ló wọ̀n, síbẹ̀ ọ̀rá rẹ̀ ti di 26.6%. Ẹni tó fúyẹ́ ní kílò kan ti fi ẹni tó fúyẹ́ ní kílò 6 sẹ́yìn! Ọ̀nà ẹnì kẹta yìí ni oníbàárà mi tó ń bá òṣùwọ̀n jà wà.

Ọ̀rá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ọkùnrin nílò bíi 3 sí 5% kí ara rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ rárá, obìnrin nílò bíi 10 sí 13%. Obìnrin tí ọ̀rá rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dáwọ́ dúró, egungun rẹ̀ náà lè di ẹlẹgẹ́. Àtẹ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ eré ìdárayá ń lò ka 18 sí 24% sí ohun tó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin, àti 25 sí 31% lára obìnrin. Àwọn tí ikùn wọn pín sí mẹ́fà tí ẹ ń rí lórí fóònù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wà bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Wọ́n ti dín omi mu, wọ́n tan iná sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì sé èémí. Èmi náà ti ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí mo ṣe kí n tó ya fọ́tò yẹn ni mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni mò ń jẹun, ẹ̀fọ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Kílò 9 lọ. Irin tí mo máa ń gbé nígbà mẹ́wàá, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin kí apá mi tó máa gbọ̀n. Mò ń bínú sí gbogbo èèyàn. Kò tó oṣù mẹ́ta tí mo padà sí oúnjẹ tí gbogbo rẹ̀ fi padà wálé, ikùn ni wọ́n sì kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n ti rí irú èyí tipẹ́ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà. Láàárín 1944 sí 1945, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Ancel Keys fi ọkùnrin 36 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn sórí oúnjẹ tí kò tó fún bí oṣù mẹ́fà. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn ló lọ. Oúnjẹ ni wọ́n ń rò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá padà sí oúnjẹ, ọ̀rá wọn ti kún kọjá ti tẹ́lẹ̀ kí iṣan wọn tó padà bọ̀ sípò.

Báwo ni kó ṣe yára tó, nígbà náà? Ọ̀rá ara kílò kan kó agbára bíi kálórì 7,700 pamọ́. Bí ẹ bá ń jẹ kálórì 500 dín sí èyí tí ara yín ń ná lóòjọ́, 3,500 ni lọ́sẹ̀ kan, kò tíì pé ìdajì kílò ọ̀rá. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ló ń falẹ̀ sí i, nítorí ara tó ti kéré ń ná díẹ̀. Ẹni tó bá wá ṣèlérí fún yín pé ọ̀rá kílò 5 á lọ lọ́sẹ̀ kan, ẹ bá a ṣírò rẹ̀: ó di kálórì 5,500 tí ẹ gbọ́dọ̀ jẹ dín sí èyí tí ara yín ń ná lóòjọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì ná tó bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ òṣùwọ̀n lè já wálẹ̀ ní kílò 2 tàbí 3 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lóòótọ́. Omi ni. Ara ń kó ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ló sì ń di omi bíi gíráàmù 3 mọ́ra. Tí ẹ bá dín oúnjẹ kù lójijì, ṣúgà yẹn á lọ, omi á tẹ̀lé e. Ọjọ́ tí ẹ bá jẹ búrẹ́dì ni wọ́n jọ ń padà.

Ibi tí kálórì 500 ti ń wá kì í sábà jẹ́ ibi tí èèyàn fọkàn sí. Ọkùnrin kan bá mi jiyàn pé ẹ̀fọ́ àti ẹyin lòun ń jẹ, síbẹ̀ ikùn òun ò mira. Mo ní kó gbé páànù kaná lójú mi. Ó dojú ìgò òróró kọlẹ̀, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò. Mo ní kó dúró, mo mú ṣíbí ìjẹun ńlá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu òróró náà padà sínú ife. Ṣíbí mẹ́rin. Ṣíbí òróró kan tó bíi kálórì 120, nítorí gbogbo gíráàmù ọ̀rá kan ló ní 9 nígbà tí gíráàmù ṣúgà tàbí purotéènì kan ní 4 péré. Gbogbo ohun tó fi ebi jìyà fún lọ́jọ́ yẹn ti wà nínú páànù kó tó fọ́ ẹyin kankan sí i. Òróró ò burú o. Ẹ kàn fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í yóni, síbẹ̀ kálórì rẹ̀ ń wọlé.

Purotéènì ni mi ò ní jẹ́ kí ẹ fi ṣeré. Òun ló ń sọ fún ara pé kó má fọwọ́ kan iṣan nígbà tí oúnjẹ bá dínkù, ó sì ń yóni ju èyí tó kù lọ. Ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá tó sì ń dín ọ̀rá kù lè fojú sun gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ẹni kílò 80 nílò bíi 128 lóòjọ́. Ẹyin kan ní bíi 6, gíráàmù 100 àyà adìẹ tó ti jinná ní bíi 30, ti ẹja dín díẹ̀ sí ìyẹn, ẹ̀wà tó jinná ní bíi 8 tàbí 9. Kò ṣeé jẹ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá fi àárọ̀ mu tíì àti búrẹ́dì lásán, alẹ́ ò lè rí i san. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ń yọ lẹ́nu kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé nọ́ńbà yìí láìjẹ́ pé ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nípa eré ìdárayá, àwọn èèyàn ń rò pé sísáré ló ń yọ́ ọ̀rá, gbígbé irin wà fún àwọn tó fẹ́ ní apá ńlá. Èrò tèmi yàtọ̀. Oúnjẹ ló ń mú ọ̀rá lọ jù, irin ló ń bá yín ṣọ́ iṣan, ìrìn ẹsẹ̀ ń ran méjèèjì lọ́wọ́. Ẹni kílò 80 tó bá fi wákàtí kan rìn dáadáa á ná bíi kálórì 300; bisikíìtì díẹ̀ á dá a padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán mú iṣan le. Ọjọ́ méjì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò.

Kò pọn dandan kí ẹ ní irin. Ẹ fa àga tó dúró sán-ún wá, ẹ jókòó sí etí rẹ̀, ẹ ká ọwọ́ sí àyà, ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, kí ẹ wá rọra jókòó padà, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ìdí tó kan àga. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn niṣẹ́ wà. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti ń rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ gbé báàgì tó ní ìwé nínú mọ́ àyà, ẹ sì máa fi ìwé kún un bó ṣe ń fúyẹ́. Ìwé tí ẹ ń fi kún un yẹn ni gbogbo àṣírí gbígbé irin. Iṣan tí kò rí ẹrù tó ju ti àná lọ kò rí ìdí láti le sí i. Ògiri wà fún títì pẹ̀lú ọwọ́. Gálọ́ọ̀nù omi wà fún fífà.

Dídùbúlẹ̀ kí a máa gbé àyà dìde sí orúnkún ní ìgbà igba lóòjọ́ kì í mú ọ̀rá ikùn lọ. Ibi tí ara bá fẹ́ ló ti ń mú ọ̀rá, kì í bèèrè lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má fi náílọ́ọ̀nù wé ikùn. Òógùn ni yóò jáde, ife omi méjì á sì dá a padà. Ṣé ẹ mọ ibi tí ọ̀rá ń gbà jáde? Imú àti ẹnu. Ní 2014, àwọn olùwádìí méjì ní Ọsirélíà ṣe ìṣirò pé bí ọ̀rá kílò 10 bá jó tán nínú ara, kílò 8.4 ló ń bá èémí jáde, 1.6 yòókù di omi. Inú mi máa ń dùn láti sọ èyí fún àwọn tó bá wọ kóòtù òtútù wá ṣe eré ìdárayá.

Oorun ńkọ́? Mo ti rí ẹni tó ń jẹun bó ṣe yẹ, tó ń gbé irin, tó ń sùn wákàtí márùn-ún. Ní 2010, ìwádìí kan ní Chicago gbé àwọn èèyàn mẹ́wàá sórí oúnjẹ tó dínkù fún ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, nígbà kan wọ́n fún wọn ní wákàtí 8.5 lórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà kejì 5.5. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi fúyẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sùn dáadáa, kílò 1.4 jẹ́ ọ̀rá. Nígbà tí wọn ò sùn tó, 0.6. Èyí tó kù kì í ṣe ọ̀rá: iṣan, omi àti irú wọn ni.

Ní ti wíwọ̀n, òṣùwọ̀n ilé tó ń sọ ìdá ọ̀rá fúnni ń rán iná kékeré gba àtẹ́lẹsẹ̀ kọjá. Omi ń jẹ́ kí iná yẹn kọjá, ọ̀rá ń dá a dúró. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, á ní ọ̀rá yín pọ̀. Ẹ lò ó láàárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì fi ojú sí bó ṣe ń lọ láti oṣù dé oṣù. Ẹ má gba nọ́ńbà ọjọ́ kan gbọ́. Téèpù ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù: kí ikùn má tó ìdajì gíga yín. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170, kí tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ 85. Ọ̀rá tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká ló ń fa ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn ju ti itan lọ, téèpù sì mọ̀ ọ́n.

Aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, àti ẹni tí oúnjẹ ti dá wàhálà sí lọ́kàn rí, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ̀yin yòókù, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí téèpù kò sún kúrò lójú kan, ẹ má tíì fi oúnjẹ alẹ́ du ara yín. Ẹ padà lọ mú ṣíbí tí ẹ fi ń wọn òróró. Láti bí ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbé e tì.