Kí Ẹ Tó Gba Abẹ́rẹ́ Testosterone Àkọ́kọ́

Tí ọkùnrin kan bá gbé ìwé àyẹ̀wò testosterone, họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, síwájú mi, aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ wá. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ sí ti bàbá kan, iye tó sì jáde jẹ́ 270. Wọ́n ti ní kó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Mo ní kó padà wá ní kùtùkùtù láìjẹun, la bá tún ẹ̀jẹ̀ fà. Ó di 430. A tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì, kò yàtọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ohun tó là wá lójú: "Dókítà, bó bá ti sùn báyìí, á máa hanrun, èémí rẹ̀ á ṣàdédé dúró, ẹ̀rù á bà mí." Oorun ni bàbá yẹn nílò ìtọ́jú fún.

Họ́mọ́ọ̀nù yìí máa ń ga láàárọ̀, á sì máa lọ sílẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí a tó gbà pé ó kéré. 300 ng/dL ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ṣe ààlà. Síbẹ̀, ara ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ohun tí ìwé sọ: kí ìbálòpọ̀ má wù ú mọ́, kí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ má dìde mọ́ bó bá jí, kí iṣan rẹ̀ máa joro, tàbí kí egungun rẹ̀ ṣẹ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ní ti àárẹ̀ nìkan, ohun tó ń fà á pọ̀ lọ jàra.

Bó bá wá kéré lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ibi tó ti bàjẹ́. Inú ẹpọ̀n ni testosterone ti ń jáde, ṣùgbọ́n òkè ni àṣẹ ti ń wá. Kókó kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, pituitary lorúkọ rẹ̀, òun ló ń fi họ́mọ́ọ̀nù méjì, LH àti FSH, ránṣẹ́ sí ẹpọ̀n. Bí LH bá ga tí testosterone sì kéré, ọ̀gá ń pè, oníṣẹ́ ni kò lè jẹ́ ẹ mọ́: ó lè jẹ́ ṣegede tó ràn dé ẹpọ̀n, òògùn jẹjẹrẹ, tàbí ohun tí wọ́n bí mọ́ ọn. Bí LH náà bá kéré, òkè ni ká wò: kókó tó hù sára pituitary, òògùn ìrora líle bíi morphine, ìsanrajù, àtọ̀gbẹ. Ẹni tó sanra púpọ̀ tó sì fọn dáadáa, iye tirẹ̀ lè gòkè láìgba abẹ́rẹ́ kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù nìyí. Tọkọtaya kan wọlé tọ̀ mí wá, ọdún méjì ni wọ́n ti ń wá ọmọ. Ọkọ jẹ́ ẹni ọdún 34, àyà rẹ̀ fẹ̀, apá rẹ̀ le bí igi. Ìyàwó ló di ìwé àyẹ̀wò àtọ̀ mú: òdo. Mo bi ọkọ léèrè òògùn tó ń lò, ó ní òun ò lo nǹkan kan. Ìgbà tí mo dárúkọ abẹ́rẹ́ ló tó rántí: "Hẹ̀n, testosterone, oṣù mẹ́rìnlá rèé. Mo rò pé ti okun ni, Dókítà." Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ṣì fẹ́ bímọ.

Bí ọpọlọ bá rí i pé testosterone ti tó nínú ẹ̀jẹ̀, kì í bèèrè ibi tó ti wá. Á dá LH àti FSH dúró, ẹpọ̀n á sùn, á tiẹ̀ kéré sí i. Testosterone inú ẹpọ̀n fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju tinú ẹ̀jẹ̀ lọ, òun ni irúgbìn inú àtọ̀ fi ń gbó, abẹ́rẹ́ ò sì lè pèsè irú iye bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Kódà, àjọ WHO ti dán an wò bí òògùn ìfètòsọ́mọbíbí fún ọkùnrin. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 1990, mílígíráàmù 200 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gún fún wọn, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí àtọ̀ wọn ò ní irúgbìn kankan mọ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Torí náà, bí ẹ bá ṣì fẹ́ bímọ, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fa òògùn sínú abẹ́rẹ́. Òògùn mìíràn wà, bíi clomiphene àti hCG, tó ń ta ẹpọ̀n jí dípò kó mú un sùn.

Ẹni tó bá tọ́ sí, ó ń ṣiṣẹ́ fún un. Ìfẹ́ ìbálòpọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ padà, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iṣan ń gba oṣù, egungun ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì síra, òmíràn á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Gẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fi pa èjìká lójoojúmọ́, òun ni mo sì máa ń ṣọ́ jù nílé tí ọmọdé wà. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wọ ẹ̀wù bò ó. Ọmọ tó bá ń fi ojú nu èjìká bàbá rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí hu irun abẹ́ láìtọ́jọ́.

Ẹ̀jẹ̀ lè ki jù. Bí PCV, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, bá kọjá 54%, a ó dáwọ́ dúró. Oṣù kẹta sí ìkẹfà ni ká kọ́kọ́ tún un yẹ̀ wò, pẹ̀lú PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń ṣọ́ prostate. Ìwádìí TRAVERSE ti 2023, tó gba ọkùnrin tó lé ní 5,000, fi hàn pé kò dá kún ìkọlù ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn tó ń lù ségesège pọ̀ sí i. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ prostate tàbí ti ọmú, kó má sún mọ́ ọn láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ̀ sí i.

Ọkọ ẹni ọdún 34 yẹn dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró, a sì bẹ̀rẹ̀ hCG fún un. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀ wọ̀ọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ kó má padà sídìí abẹ́rẹ́. Oṣù kẹta, òdo. Oṣù kẹfà, òdo. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹni tó ń yẹ àtọ̀ náà wò pè mí kí n wá fojú ara mi rí i lábẹ́ awò. Wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn.